Kọ̀ǹpútà ò wọlé mọ́ lẹ́yìn tí ẹ tún driver ṣe? Ẹ má tíì fọ́máàtì ẹ̀

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ bá àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sàbó, ẹ kọ́kọ́ gba Safe Mode wọlé. Driver ni ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè lo àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ẹ tàn án. Bí àmì Windows bá ti yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí á fi kú. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú búlúù kan á jáde. Ẹ yan Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kẹ́ ẹ wá tẹ 4. Kìkì driver tí Windows ò lè ṣe aláìní ló ń gbé dìde nínú Safe Mode, èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ sábà máa ń wà nílẹ̀ ní tiẹ̀. Bó bá wọlé, ẹ wá ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn nínú Device Manager (ibi tí Windows to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sí), ẹ ṣí Properties ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ Roll Back Driver. Tó bá jẹ́ Driver Verifier, ètò tí Windows fi ń dán driver wò, lẹ tàn, ẹ kọ verifier /reset sínú Command Prompt (ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ), kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tún un tàn. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún dáadáa o, ẹ mọ bí iná wa ṣe rí. Ibi tó ti le ni BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti ohun tó wà lórí dísíìkì pa: tó bá wà lórí ẹ̀, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48. Ẹ fi fóònù wò ó nínú àkáǹtì Microsoft yín.