Àpótí Oníkọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta: Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ẹgbẹ́ Obìnrin ní Ìfowópamọ́ àti Owó Yíyá

Ìyá tó ń fún alájọ ní ₦500 lójoojúmọ́, tó sì mọ̀ pé owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ, kò nílò ẹni tí yóò wá wàásù fún un pé kí ó máa fowó pamọ́. Ó ti ń ṣe é kí ẹ tó dé. Ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò rí ẹni kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe lè mọ iye tí owó yíyá yóò gbà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé, àti bí ẹgbẹ́ ṣe lè ṣọ́ owó ara rẹ̀ láì gbẹ́kẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Èlé lórí ẹní

Ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ sì ka 120 èkùrọ́ sórí rẹ̀. Èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan dúró fún ₦1,000. Ẹ sọ fún wọn pé obìnrin kan yá ₦120,000 fún oṣù 6, yóò máa dá 20 èkùrọ́ padà lóṣooṣù, èlé rẹ̀ sì jẹ́ ₦5 lórí ₦100 lóṣù.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe é bí ọ̀pọ̀ ayánilówó ṣe ń ṣe é: èlé ń dúró lórí gbogbo owó tí ó yá níbẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ó ti dá ìdajì padà. Èkùrọ́ 6 ni èlé oṣù kọ̀ọ̀kan. Fún oṣù 6, ó di 36. Ẹ wá tún un ṣe, kí èlé máa wà lórí ohun tó ṣẹ́kù nìkan. Oṣù àkọ́kọ́ 6, èkejì 5, lẹ́yìn náà 4, 3, 2, 1. Ó di 21. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe èlé méjèèjì, ₦5 lórí ₦100, ṣùgbọ́n ₦15,000 ló wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá fi ọwọ́ ara wọn ka èkùrọ́ náà. Ẹni tó bá fọwọ́ kà á kì í gbàgbé.

Kò tíì tán. Ẹ mú èkùrọ́ 12 kúrò lára 120 ti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ayánilówó kan máa ń dá ₦10 nínú ₦100 dúró bí owó ìdúró. Ẹ mú 2 mìíràn fún owó fọ́ọ̀mù. 106 ló dé ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ lórí 120 ló ti ń san èlé. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ kí gbogbo obìnrin béèrè ìbéèrè yìí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun: Èló ni yóò dé ọwọ́ mi lónìí? Èló ni gbogbo ohun tí mo máa san tán? Ṣé èlé ń dín kù bí mo ṣe ń san? Bí ẹni tí a jọ yá a kò bá san, ta ni yóò san tirẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn wọ̀nyí ní gbangba, tí kò sì fún yín ní ẹ̀dà ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, sọgúndogójì ni, bó ti wù kí ọ́fíìsì rẹ̀ dán tó.

Owó àti òwò gbọ́dọ̀ bára mu

Ẹni tó ń yan gààrí ń ra ẹ̀gẹ́, ń bó o, ń lọ̀ ọ́, ń fún un, ó sì lè gbé gààrí rẹ̀ lọ sí ọjà ọlọ́rọọrún tó tẹ̀ lé e. Owó rẹ̀ ń yípo kíákíá, ó lè máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó fi owó kan náà gbin ẹ̀gẹ́ yóò dúró fún oṣù 9 sí 12 kó tó wú nǹkan kan. Bí a bá ní kí onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í san lọ́sẹ̀ kejì, inú owó oúnjẹ ilé ni yóò ti mú un, tàbí kí ó lọ yá òmíràn láti fi dí i. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ṣe ń bí gbèsè. Àgbàdo ń gba nǹkan bí oṣù 3. Adìẹ burọ́ílà, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Owó àpótí, ìyẹn owó tí ẹgbẹ́ ń yá àwọn ọmọ rẹ̀ láti inú àpótí ìfowópamọ́ wọn, tí a kì í sábà yá ju oṣù 3 lọ, dára fún gààrí, ẹja yíyan àti ọjà títà. Kò dára fún oko ẹ̀gẹ́ tuntun.

Àpótí náà

Lọ́dún 1991 ni àjọ aṣèrànwọ́ CARE bẹ̀rẹ̀ ètò yìí, tí ẹgbẹ́ fi ń kó owó ara rẹ̀ jọ, tí ó sì ń yá àwọn ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn obìnrin agbègbè Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger, ó sì ti tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà. Obìnrin 15 sí 25 ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan, àwọn tó mọ ara wọn dáadáa. Wọ́n ń yan márùn-ún: alága, akọ̀wé, ẹni tó ń tọ́jú àpótí, àti àwọn méjì tó ń ka owó. Àwọn mẹ́ta mìíràn tí kò sí nínú oyè ló ń mú kọ́kọ́rọ́. Ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n ti wá. Bí ìyá àti ọmọ rẹ̀ bá mú kọ́kọ́rọ́ méjì, àpótí yín ti di oníkọ́kọ́rọ́ méjì nìyẹn.

Ìpín ni ẹyọ tí ẹgbẹ́ fi ń fowó pamọ́. Ẹ jọ fi iye sí ìpín kan, bíi ₦500. Obìnrin kọ̀ọ̀kan lè ra 1 sí 5 ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ kan fún ìpín kan nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó ra 3 ní òǹtẹ̀ 3. Kí akọ̀wé fa ìlà gba inú àlàfo 2 tó kù lójú ẹsẹ̀. Bí àlàfo bá ṣófo sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wá tẹ òǹtẹ̀ kún un lẹ́yìn. Inú àpótí ni gbogbo ìwé àti òǹtẹ̀ ń sùn, kì í bá ẹnikẹ́ni lọ sílé.

Kí wọ́n tó ti àpótí, àwọn tó ń ka owó yóò pariwo iye tó kù, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì wí i tẹ̀ lé wọn, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìpàdé tó ń bọ̀, kí a tó ka owó, alága yóò béèrè: “Èló la fi sílẹ̀?” Ẹni tí kò mọ ìwé kà rárá lè dáhùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fo apá yìí nítorí òjò tàbí ọjà. Ẹgbẹ́ tó bá ń fò ó ti gbé owó rẹ̀ lé akọ̀wé lọ́wọ́ láì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí owó yíyá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ yá ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ti fi pamọ́ lọ, kò sì gbọdọ̀ yá òmíràn kí ó tó san ti tẹ́lẹ̀ tán. Kí ó dìde, kí ó sọ ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe létí gbogbo wọn. Bí ọkọ tàbí àbúrò ló rán an, ibẹ̀ ni yóò ti hàn, nítorí òun kọ́ ni yóò lè ṣàlàyé òwò náà. Owó ìrànwọ́ fún àìsàn àti òfò wà lọ́tọ̀ nínú àpò tirẹ̀, kò ní èlé.

Ọjọ́ pínpín

Ní ìparí ètò, ẹgbẹ́ ń pín owó inú àpótí fún àwọn ọmọ rẹ̀. Gbogbo gbèsè gbọ́dọ̀ ti wọlé ṣáájú ọjọ́ yìí, nítorí náà ẹ dá owó yíyá dúró nígbà tó bá ku oṣù kan sí méjì. Ká ní obìnrin 20 ra ìpín 2,400 láàárín ọ̀sẹ̀ 40: ₦1,200,000 nìyẹn. Bí èlé bá mú ₦180,000 wá, tí owó ìtanràn jẹ́ ₦12,000, gbogbo rẹ̀ di ₦1,392,000. Ẹ pín in sí 2,400. Ìpín kan di ₦580. Ẹni tó ní òǹtẹ̀ 120 yóò gba ₦69,600, ẹni tó ní 40 yóò gba ₦23,200. Bí ẹnì kan bá ṣì jẹ gbèsè lọ́jọ́ náà, ẹ yọ ọ́ nínú ìpín tirẹ̀ kí ẹ tó kà á fún un.

Ní oṣù tó ṣáájú pínpín, owó inú àpótí máa ń pọ̀ ju ohun tó yẹ kó sùn nínú yàrá lọ. Ẹ ṣí àkáùntì ẹgbẹ́ ní báńkì kékeré (microfinance bank) tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fún ní ìwé àṣẹ, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdójútòfò owó inú báńkì, ń dáàbò bo owó olùfipamọ́ ní irú báńkì bẹ́ẹ̀ títí dé ₦2,000,000 bí báńkì náà bá kógbá sílé. Ẹ ṣètò BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì) àwọn tí yóò máa fọwọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, torí pé bí orúkọ tó wà nínú BVN kò bá bá ti NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) mu, àtúnṣe rẹ̀ lè pẹ́ kọjá ọjọ́ tí ẹ nílò àkáùntì náà.