Ohun tó tún fọ́tò igi redwood mi ṣe

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ Stout Grove, igbó àwọn igi gàgàrà tí wọ́n ń pè ní redwood, ní àríwá Kalifọ́níà, oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín. Inú mi dùn, àṣé oòrùn yẹn gan-an ni wàhálà. Gbogbo fọ́tò tí mo yà ló bàjẹ́: ibi tí oòrùn ta sí funfun bí ẹfun, ibi òjìji dúdú bí kóró iṣin. Mo rò pé kámẹ́rà ló ń ṣàìsàn. Mo tún un tò títí, òfo ni.

Lọ́jọ́ kejì, aago méje àárọ̀ ti bá mi níbẹ̀, kí kùrukùru tó ń ti òkun Pàsífíìkì wá tó ká. (Kùrukùru yìí náà ni igi wọ̀nyẹn ń mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.) Mo gbé kámẹ́rà lé tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà dúró), mo tò ó sí ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) àti f/11 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí sí), mo sì jẹ́ kó gba ìmọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìmọ́lẹ̀ wá dọ́gba, èèpo igi pọ́n bí osùn.

Ó ku gíga. Igi tó lè ga kọjá mítà 100 kò lè wọ inú fọ́tò kan! Mo yà á ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láti ìdí dé orí, mo so wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀ ó dà bí igi lásán, àfi ìgbà tí mo ní kí àbúrò mi wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, kó dúró lójú ọ̀nà nítòsí ìdí igi. Mi ò jẹ́ kó tẹ gbòǹgbò, torí kò jìn nílẹ̀ rárá.

Ó ní mo sọ òun di èèrà. Fọ́tò yẹn ló wà lára ògiri pálọ̀ wa báyìí.