Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Ẹ̀rọ Gé Pépà Láìjá

Ẹni tí ó ń fi ẹ̀rọ Cricut tàbí Silhouette, àwọn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí tí ó ń fi abẹ gé pépà, ṣe sítíkà ara ìgò omi fún àwọn olóde, tàbí tí ó ń ṣe káàdì ìkésíni tí a ń ṣẹ́ po, yóò ti rí i pé gígé pépà já kò nira. Ohun tí ó nira ni kí abẹ wọlé dé ìwọ̀n kan kí ó sì dúró níbẹ̀. Lára pépà sítíkà, abẹ gbọ́dọ̀ gé ojú òkè já láìdá pépà ìdí lọ́gbẹ́. Lára káàdì líle, ó gbọ́dọ̀ wọnú díẹ̀ péré kí ojú ìlà tí a fẹ́ ṣẹ́ lè rọ̀.

Àṣìṣe tí ó ń ba pépà jẹ́ jù lọ ni kí a máa ka bí abẹ ṣe yọ síta àti agbára tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ohun kan náà. Abẹ Silhouette Cameo ní òǹkà láti 0 dé 10, òǹkà kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bíi 0.1 mìlímítà. Òǹkà yìí ni ó ń pinnu ibi tí ẹnu abẹ lè dé, nítorí pé bí ìwọ̀n tí ó yọ síta bá ti wọlé tán, ẹnu ilé abẹ yóò jókòó lé pépà lórí, kò sì ní jẹ́ kí ó lọ jù bẹ́ẹ̀. Agbára, tí Cameo 3 ń kà láti 1 dé 33, ni ó ń ti abẹ wọlé dé ibẹ̀. Pépà ìtẹ̀wé lásán tí ó jẹ́ gíráàmù 80 kò nípọn ju nǹkan bíi 0.1 mìlímítà lọ, nítorí náà ẹni tí sítíkà rẹ̀ kò já dáadáa, tí ó wá gbé òǹkà abẹ láti 2 lọ sí 5, ti fún abẹ ní àyè láti gba inú pépà ìdí kọjá dé orí máàtì, ìyẹn ìtẹ́lẹ̀ alẹ̀mọ́ tí a ń tẹ́ pépà lé. Ohun tí ó yẹ ni kí ó fi òǹkà abẹ sílẹ̀ níbi tí ó bá bí ojú òkè ṣe nípọn mu, kí ó sì máa fi agbára kún un díẹ̀díẹ̀.

Abẹ tí ó sábà máa ń bá Cricut wá kò ní òǹkà bẹ́ẹ̀. Agbára nìkan ni a lè yí padà, ohun tí a bá sì yàn nínú Design Space, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń darí Cricut, ni ó ń darí rẹ̀. Ẹ má ṣe yan Cardstock (káàdì líle) fún pépà sítíkà kìkì nítorí pé ó nípọn lọ́wọ́, nítorí àpapọ̀ ojú òkè àti ìdí ni ọwọ́ yín ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ ojú òkè nìkan ni ẹ fẹ́ gé. Ẹ má sì ṣe sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó gé e lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀kan kò bá tó. Ojú ìlà tí ó ti là tẹ́lẹ̀ ni abẹ yóò tún tọ̀, pépà ìdí ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Àwọn mìíràn a máa fi ìlà gbọọrọ kan ṣe ìdánwò, wọn a sì gbà pé ó ti tán. Ìlà gbọọrọ kì í sọ òótọ́ tán, nítorí pé igun ni abẹ ti ń yí ara rẹ̀ padà, níbẹ̀ ni ó sì ti ń jìn jù. Ẹ gé àwòrán kékeré kan tí ó ní igun tí ó sì ní ibi róbótó, lára pépà inú páálí kan náà tí ẹ fẹ́ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí sítíkà náà kúrò, kí ẹ sì gbé pépà ìdí sókè sí iná. Bí ìlà bá hàn fírífírí ṣùgbọ́n tí èékánná kò mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ẹ bá fi fà á lẹ́yìn, ó ti tọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ gba inú igun wá, ẹ dín agbára kù. Ìwọ̀n tí ó dára nígbà ọyẹ́, tí pépà gbẹ táútáú, lè ṣàì dára nígbà òjò tí pépà ti fa omi sára. Ẹ tún un dán wò.

Ní ti káàdì tí a ń ṣẹ́, ojú tí abẹ gé ni ó gbọ́dọ̀ wà níta bí a bá ṣẹ́ ẹ, kí ojú ìlà lè là. Bí ó bá wà nínú, ẹ̀yìn yóò ya tàbí kí ó wú. Ẹ kọ́kọ́ tẹ pépà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún: ọ̀nà tí ó bá ti rọrùn láti tẹ̀ ni fọ́nrán rẹ̀ gbà, ọ̀nà náà sì ni ó yẹ kí ìlà ṣíṣẹ́ tọ̀.

Abẹ tuntun a máa jìn ju èyí tí ó ti kú lọ, nítorí náà ẹ má ṣe lo ìwọ̀n tí ẹ fi ń ran abẹ àtijọ́ lọ́wọ́ fún un. Ẹ yọ ìfọ́ pépà kúrò nínú ilé abẹ, kí ẹ sì rí i pé pépà lẹ̀ mọ́ máàtì dé etí, nítorí ibi tí ó bá gbé sókè ni abẹ yóò ti gé jù.

Bí iṣẹ́ kan bá ní ìlà tí kò gbọdọ̀ já àti ìlà tí ó gbọ́dọ̀ já, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gé èyí tí kò gbọdọ̀ já ṣáájú. Bí a bá kọ́kọ́ gé etí rẹ̀ já, pépà náà lè sún lórí máàtì, ìlà inú yóò sì bọ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.