Ẹ má kàn ra géèmù fún ọmọ tó sanra, kí ẹ wá lọ jókòó

Bí ọmọ bá sanra ju bó ṣe yẹ lọ, tí kì í kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ fún òbí rẹ̀ pé géèmù kan wà tí wọn ò ṣe kí èèyàn máa jókòó gbá: Just Dance, Ring Fit Adventure, Beat Saber tí wọ́n ń gbé awò ńlá bojú ṣe. Òótọ́ ni. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé òbí á rà á, á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, á wá máa retí kí ara ọmọ fúyẹ́.

Wọ́n ti dán irú èyí wò ní Houston, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí dáadáa. Àwọn olùwádìí ní Baylor College of Medicine fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 12 ní Wii, ẹ̀rọ géèmù ilé iṣẹ́ Nintendo tí wọ́n ń ju ọwọ́ gbá. Géèmù tó ń mú ara ṣiṣẹ́ ni wọ́n fún àwọn kan, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tí wọ́n ń jókòó gbá, wọn ò sì pàṣẹ iye àkókò tí ẹnikẹ́ni máa lò nídìí rẹ̀. Nígbà tí èsì jáde ní 2012, àwọn tó gba géèmù ìdárayá ò mú ara ṣiṣẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọdé tètè máa ń mọ̀ pé ọrùn-ọwọ́ nìkan tó fún tẹ́níìsì inú Wii, á sì gbá a lórí àga.

Ní ilé ìwádìí Pennington Biomedical, ní Louisiana, olùwádìí Amanda Staiano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ 46 ni, ọdún 10 sí 12, tí gbogbo wọn sanra jù. Wọ́n fún ìdajì wọn ní Xbox oní-Kinect, ẹ̀rọ géèmù tó ní kámẹ́rà tó ń wo bí ara ṣe ń lọ, pẹ̀lú ìwé tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ bá wọn gbá a. Kóòṣì kan sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìsanra wọn dín díẹ̀. Ti àwọn tí kò gba nǹkan kan lé díẹ̀. Ìwádìí kékeré ni o, àmọ́ lójú tèmi, ẹni tó ń bá ọmọ gbá a àti ẹni tó ń béèrè bó ṣe ń lọ ló ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ bú ọmọ. Ní 2008, ní Bìrìtìkó, Wii Fit, géèmù Wii tó ń wọn èèyàn, sọ fún ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 kan pé ó sanra jù. Nintendo ní láti tọrọ àforíjì. Bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀n àgbà kọ́ ni wọ́n ń ka ti ọmọdé: ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni wọ́n fi ń wò ó. Àwa tí a ń fi “orobo” pe ọmọ ṣeré nílé náà, ẹ jẹ́ ká rọra.

Ẹ má fi ẹlẹ́rìndòdò san ẹ̀san fún òógùn tó là. Ẹ gbé tábìlì onígíláàsì kúrò lọ́nà kí ọmọ tó gbé awò bojú. Meta tó ń ṣe Quest, ọ̀kan lára irú awò bẹ́ẹ̀, fúnra wọn ò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 lò ó. Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée, tàbí tí orúnkún ń dùn ún, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣeré tó ń mú un mí gúlegúle fún ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Géèmù tó mú un làágùn lè wà lára rẹ̀, àmọ́ ẹ má tìtorí rẹ̀ fagi lé bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́.