Bí Mo Ṣe Ta Mọ́tò Eré-Ìje Merlyn 1971 ní Gbàǹjo

Merlyn Mk 20 ni mọ́tò náà, ti Formula Ford (ìsọ̀rí eré-ìje tí wọ́n ti ń lo ẹ́ńjìnì Ford), tí Colchester Racing Developments ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn kan ṣoṣo ló ń gbà. Ẹ́ńjìnì Ford Kent 1600 wà lẹ́yìn awakọ̀, gíà Hewland sì so mọ́ ọn lẹ́yìn. Irú mọ́tò yìí kì í rìn ní títì, nítorí náà kò ní V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò tí DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé mọ́tò níbẹ̀, ń fúnni. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ dojú kọ ìwé kí n tó fọwọ́ kan irin.

Mo to ìwé títà àti rírà láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ni ín títí kan ọwọ́ mi. Mo fi ìwé ètò ìdíje tí nọ́ńbà mọ́tò wà nínú rẹ̀ kún un, àti fọ́tò àtijọ́, àti rìsíìtì àwọn tó tún ẹ́ńjìnì ṣe. Níbi tí àlàfo bá wà, ẹ kọ ọ́ pé àlàfo wà. Ní 1990, ẹjọ́ Bentley Speed Six tí wọ́n ń pè ní Old Number One, tó gba ipò kìíní nínú eré-ìje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní 1929 àti 1930, dé ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù. Mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn ni ẹni tó fẹ́ rà á ti ná an. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan lára rẹ̀, ṣé òun náà ṣì ni? Adájọ́ ní òun ni, torí ìtàn rẹ̀ kò já láàárín. Ìwé ló gba ẹni tó ń tà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé ló kan awo irin kékeré tí wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáásì sí. Ẹ má fi sáńpépà tàbí tínà kàn án, ẹ ó pa nọ́ńbà náà rẹ́ ni. Mo pa iná, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ awo náà kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á lábùú. Òjìji inú ìtẹ̀ náà á jẹ́ kó hàn kedere nínú fọ́tò, èyí tí fíláàṣì kò lè ṣe. Mo ya àwọn rífẹ́ẹ̀tì tó dè é náà. Bí rífẹ́ẹ̀tì bá ń dán lára awo tó ti gbó, olùrà tó mọ̀ ọ́n á bi yín pé ibo lẹ ti yọ ọ́ wá.

Mi ò tún un kùn. Mercedes W196 tí Fangio, gbajúmọ̀ awakọ̀ eré-ìje, fi sáré ní 1954, bó ṣe wà pẹ̀lú ọ̀dà tó ti gbó ni àwọn onígbàǹjo Bonhams ṣe tà á ní Goodwood ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2013, ó sì lé ní mílíọ̀nù 19 pọ́n-ùn. Ọ̀dà tuntun lára ṣáásì máa ń kọ olùrà lóminú, nítorí ó lè bo ibi tó ti sán tàbí ibi tí wẹ́dà ti jó o.

Mo fi gééjì wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó nínú sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná: ẹ yọ gbogbo plọ́ọ̀gì, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ asẹlirétọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí ọ̀kan bá fi bíi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí àwọn yòókù, ó ṣeé ṣe kí fáàfù tàbí ríìngì máa jò níbẹ̀. Bẹ́líìtì ìjókòó awakọ̀ ní tirẹ̀, ọdún tí yóò kú wà lára àmì FIA (àjọ tó ń ṣàkóso eré-ìje mọ́tò lágbàáyé) tó wà lára rẹ̀. Ẹ má náwó sórí tuntun, olùrà á ra èyí tó bá ara rẹ̀ mu. Ẹ ṣáà sọ pé ó ti kú.

Ẹ ṣírò owó kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé onígbàǹjo. Ká ní òòlù balẹ̀ lé 30,000 pọ́n-ùn, tí làáàdà tiyín jẹ́ 10%: 3,000 lọ, VAT 600 tún tẹ̀ lé e, ó ku 26,400. Bí olùrà náà bá ń san 15% àti VAT tirẹ̀, 35,400 ló máa jáde lápò rẹ̀. 9,000 ló wà láàárín yín, olùrà á sì ti yọ ọ́ kúrò kó tó nawọ́ sókè. Iye tó kéré jù tí ẹ lè gbà, ẹ má jẹ́ kó wọ́n. Tí iye náà bá ga, àwọn tó fẹ́ rà á kò ní yọjú rárá, ariwo méjì mẹ́ta tó yẹ kó gbé e sókè kò sì ní sí.

Oṣù kejì ló dára jù lójú tèmi, nígbà tí Race Retro, ìpàtẹ mọ́tò eré-ìje àtijọ́, máa ń wáyé ní Stoneleigh ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn awakọ̀ ń palẹ̀ mọ́ fún ìdíje ìgbà ìrúwé.

Kí wọ́n tó gbé e lọ, mo fa epo inú táǹkì títí ó fi ku díẹ̀, mo tú bátìrì, mo sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé ibi rọ́ọ̀lù-bá (irin tó ń dáàbò bo orí awakọ̀) àti táyà nìkan ni kí wọ́n ti máa tì í. Imú rẹ̀ tó jẹ́ fáíbà máa ń sán bí wọ́n bá tì í níbẹ̀.

Ní ọjọ́ náà, ẹ má pa fóònù. Bí owó bá dúró díẹ̀ sísàlẹ̀ iye yín, onígbàǹjo á pè láti bi yín bóyá kí òun tà á. Ẹ ti pinnu ìdáhùn sílẹ̀, àyè àrònú kì í pọ̀. Fọ́tòkọ́pì ni mo kó sí gbàgede fún àwọn tó fẹ́ wò ó. Ojúlówó ìwé kò kúrò lọ́wọ́ mi títí owó fi wọ àkáǹtì, olùrà sì fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó gbà, títí kan gíà àfikún, pẹ̀lú iye eyín tí wọ́n kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.