Bí Mo Ṣe Rí i Dájú Pé Ayé Ti Gba Àdírẹ́sì Tuntun Ìkànnì Wa

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ kó ìkànnì ayélujára rẹ̀ kúrò lórí server kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé, lọ sí òmíràn, èmi ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Kíkó fáìlì kò le. Ohun tí ó gba sùúrù ni mímọ̀ dájú pé ẹni tí ó bá tẹ orúkọ dómáìnì wa, ìbáà wà ní Ìbàdàn tàbí ní London, yóò dé orí server tuntun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti yí àkọsílẹ̀ DNS, ìyẹn ètò tí ń so orúkọ dómáìnì mọ́ àdírẹ́sì server rẹ̀, padà, yóò máa rìn káàkiri ayé fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń pín in kiri. Àwọn resolver, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí ń bá wa wádìí àdírẹ́sì, máa ń tọ́jú èsì tí wọ́n ti gbà, wọn kì í sì í padà wá béèrè títí àkókò tí a kọ mọ́ àkọsílẹ̀ náà, tí à ń pè ní TTL, yóò fi pé. Kí èsì àtijọ́ parẹ́ ni à ń dúró dè.

Nítorí èyí, iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìkólọ. TTL wa jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 86400, tí í ṣe wákàtí 24. Mo dín in kù sí 300, ìyẹn ìṣẹ́jú 5, mo sì jẹ́ kí ó ju wákàtí 24 lọ kí n tó fọwọ́ kan àdírẹ́sì fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo fi nọ́ńbà IP tuntun, ìyẹn àdírẹ́sì server tuntun, sínú àkọsílẹ̀ A, èyí tí ń so orúkọ dómáìnì mọ́ nọ́ńbà náà, n kò gbára lé búráúsà, nítorí pé òun náà ní ìpamọ́ tirẹ̀. Àṣẹ dig, tí a fi ń bi DNS léèrè lórí kọ̀ǹpútà, ni mo lò. Mo fi dig NS mọ àwọn nameserver, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí ojúlówó àkọsílẹ̀ dómáìnì wa wà lórí wọn, mo sì fi àmì @ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè, nítorí pé bí orísun gan-an bá ṣì ń sọ ti àtijọ́, asán ni kí a máa bi ẹlòmíràn. Gbogbo wọn ló dáhùn pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun.

Ìgbà yìí ni mo wá kọjú sí àwọn resolver tí gbogbo ènìyàn ń lò: 8.8.8.8 ti Google, 1.1.1.1 ti Cloudflare àti 9.9.9.9 ti Quad9. Ti Google fún mi ní nọ́ńbà àtijọ́, lẹ́yìn náà tuntun, lẹ́yìn náà àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ni ó ń dáhùn lábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn, ìpamọ́ wọn kò sì dọ́gba. Ohun tí mo tẹjú mọ́ ni iye tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ dómáìnì nínú èsì náà, èyí tí ń sọ ìṣẹ́jú àáyá tí ó kù: bí ó bá ti ń lọ sílẹ̀, ọ̀nà ti là.

Ká ní nameserver ni mo pààrọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, torí pé TTL 172800, tí í ṣe wákàtí 48, ni àwọn alákòóso .com ń kọ mọ́ àkọsílẹ̀ NS, èyí tí ń tọ́ka sí àwọn nameserver, a kò sì lè dín in kù fún wọn.

Àwọn resolver kan wà tí kì í tẹ̀lé TTL, nítorí náà mo fi server àtijọ́ sílẹ̀ títí àkọsílẹ̀ àbẹ̀wò rẹ̀ fi hàn pé àwọn róbọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ń bẹ ìkànnì wò fúnra wọn, nìkan ló kù tí ń wá síbẹ̀, kí n tó ní kí wọ́n pa á.