Kẹ́ ẹ tó háyà ilé létí òkun Oregon, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tẹ́ ẹ máa sá gbà

Ẹ̀yin èèyàn wa l'Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ bíìṣì l'Oregon, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ẹwà ilé àti owó ẹ̀ nìkan o. Ilẹ̀ abẹ́ òkun ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Cascadia, January 26, 1700 ló mì tìtì gbẹ̀yìn, ìgbì ńlá tó gbé dìde, tí wọ́n ń pè ní tsunami, dé Japan. Tó bá tún mì, omi lè dé etíkun láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20.

Ẹ lọ sórí nvs.nanoos.org, ẹ wá máàpù Tsunami Evacuation, ìyẹn máàpù ibi tẹ́ ẹ máa sá sí, kẹ́ ẹ tẹ àdírẹ́sì ilé yẹn sí i. Ibi tó bá ní àwọ̀ ọ́rẹ́ńjì, ìgbì tó ti ọ̀nà jíjìn bí Alaska wá lè débẹ̀, yẹ́lò sì ni ibi tí ti Cascadia fúnra ẹ̀ lè bò mọ́ ọn. Gíríìnì lẹ máa sá lọ. Ẹ wo odò tó bá wà lọ́nà náà, torí ní Seaside, odò Necanicum àti Neawanna ló la àárín bíìṣì àtòkè, afárá sì lè wó tílẹ̀ bá mì.

Tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, kẹ́ ẹ tó tú ẹrù rárá, ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn. Nígbà tá a lọ, èmi nìkan rìn ín ní ìṣẹ́jú 9, inú mi dùn, àfìgbà tí mo tún un rìn pẹ̀lú màmá mi torúnkún ń dùn, ó di 21, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dúró di ògiri mú kí wọ́n lè mí. Ọjọ́ yẹn náà la kó lọ ilé míì tó sún mọ́ òkè. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń rọra rìn jù nínú yín lẹ máa fi ṣírò o.

Tílẹ̀ bá mì, ẹ wọ abẹ́ tábìlì, ẹ dì í mú, tó bá ti dúró báyìí ẹ gbéra. Ẹ má dúró de sáírìn, ẹ má dúró de fóònù, mímì yẹn gan-an ni ìkìlọ̀. Ẹ má gbé mọ́tò, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lẹ máa há sí. Ẹ fi bàtà àti tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí gíláàsì á ti fọ́ sílẹ̀.

Èyí tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń fún yín ní wákàtí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ẹ̀, ti Alaska lọ́dún 1964 pa ọmọ mẹ́rin ní Beverly Beach níbi tí wọ́n sùn sí. Ìgbì kì í wá lẹ́ẹ̀kan lọ, torí náà ẹ má sọ̀ kalẹ̀ títí ìjọba á fi ní ó yá, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ gbé omi, aṣọ òtútù àti oògùn dání. Ti màmá mi, inú báágì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń wà, a kì í gbé e wọ yàrá.